Ìyá Tó Ń Gbàdúrà fún Gánà

Bí ẹ bá dé abà Ìtẹ̀sí, tí kò jìnnà sí Akanran, tí ẹ béèrè Ìyá Àdúrà, ọmọ ọdún mẹ́ta á mú yín dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè Morónikẹ́, ẹ lè rìn títí kí ẹ tún padà bọ́ sí títì. Ó ti lé ní ogún ọdún tí oyè àdúrà ti bo orúkọ náà mọ́lẹ̀. Obìnrin ọ̀hún kò ga, kò sì sanra, ṣùgbọ́n Ọlọ́run fi ohùn jíǹkí rẹ̀. Bí ó bá kígbe Halelúyà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn adìyẹ ẹ̀yìnkùlé Nimotallahi tó múlé ti ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n jẹ́ adìyẹ ilé Mùsùlùmí, á sáré wá ibi sá sí.

Ní ìjọ Aládùúrà tí wọ́n ń lọ, gbogbo Ọjọ́rú ni wọ́n ń gbààwẹ̀, tí wọ́n sì ń péjọ láàárọ̀ láti gbàdúrà. Wọ́n pín àdúrà náà bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń pín ebè. Alàgbà kan ló ni ìpín àwọn àgàn, ẹlòmíràn ló ni ti àwọn arìnrìn-àjò, ẹlòmíràn ló ni ti àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ìpín ti Morónikẹ́ ni àwọn orílẹ̀-èdè ayé. Ẹ má rò pé wọ́n dìbò yàn án o. Pásítọ̀ ìgbà yẹn ló fi lé e lọ́wọ́ nígbà tí gbogbo àwọn àgbà ìjọ sá fún un, ìdí tí wọ́n sì fi sá kò fara sin. Àgàn tó bá bímọ á fa ewúrẹ́ wá dúpẹ́. Ẹni tó bá rìnrìn-àjò tó padà láyọ̀ á mú nǹkan dání wá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ìjọ náà sílẹ̀, kò tíì sí orílẹ̀-èdè kan tó wá sí Ìtẹ̀sí wá dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n Morónikẹ́ kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́. Ó wá ìwé máàpù tí Fẹ́mi ọmọ rẹ̀ lò nílé-ìwé girama jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbọn eruku rẹ̀ nù, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin lọ́sẹ̀ kan. Bí ó bá ká gbogbo ayé tán, á tún bẹ̀rẹ̀. Ìwé náà ti gbó ju bí ó ṣe rò lọ. Ọdún mẹ́jọ gbáko ló fi gbàdúrà kíkankíkan fún Yugosláfíà, kí Fẹ́mi tó wálé ní Kérésì ọdún kan tó sì sọ fún un pé Yugosláfíà ti fọ́ tipẹ́, pé ó ti di orílẹ̀-èdè bíi méje. Ìyá náà jókòó sórí àpótí, ó bú sẹ́kún. Ó ní Ọjọ́rú wo ni òun pa jẹ. Fẹ́mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di inú mú. Ìyá rẹ̀ kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ó kọ orúkọ méjèèje sí etí ìwé, ó sì fi gbogbo wọn kún ìpín rẹ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè tó sún mọ́ wa kò sí nínú ti ìwé máàpù. Gbogbo Ọjọ́rú ni ó ń pè wọ́n, bí mọ́tò ṣe ń tò wọ́n kọjá lójú títì: Kútọnu, Tógò, Gánà, Àbíjàn, Làìbéríà. Kì í pè wọ́n lófìfo. Láràárọ̀ ni ó ń gbọ́ ìròyìn nínú rédíò bó ṣe ń fọn iná, tí ó sì ń mọ ibi tí wọ́n ti ń jagun, ibi tí sójà ti gbàjọba, ibi tí owó wọn kò ti ra nǹkan mọ́. Nígbà tí búrẹ́dì di góòlù, tí àwọn obìnrin abà ń bú ẹni tó ń gbé e wá láti Akanran, òun ló dá wọn lẹ́kun. Ó ní wọ́n ń jagun ní ìlú àwọn tó ń gbin àlìkámà, pé èéfín ogun yẹn ló dé inú búrẹ́dì. Ó ní ayé yìí ti di ilé alágbàlá kan. Ẹni tó bá ń sun igi tútù ní yàrá kejì, ojú gbogbo ilé ni yóò máa ta. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì fún un ní ẹyọ kan lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ọkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ẹkúndayọ̀. Bàbá Fẹ́mi ni Morónikẹ́ ń pè é. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, àgbẹ̀ kòkó sì ni láti kékeré. Láti bí ọdún mẹ́rin ni awọ funfun kan ti ń bo ẹyinjú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, débi pé ó ń rí ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ojú ènìyàn mọ́. Ọwọ́ ló fi ń ṣa kòkó gbígbẹ lórí ẹní. Á ti èyí tó ti bàjẹ́ sí apá kan, kì í sì í ṣì í. Morónikẹ́ ló ń bá a wá aṣọ tí yóò wọ̀, òun ló ń mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ló ń yọ egungun kúrò nínú ẹja rẹ̀.

"Fi díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ o, Ìyá Fẹ́mi," bàbá á wí, "kí n lè mọ̀ pé ẹja ni mò ń jẹ."

"Bí ó bá há yín lọ́fun, ṣé ẹ̀yin lẹ máa sáré wá dókítà ni àbí èmi?"

"Ìwọ ni. Ìgbà wo ni mo wá rí ọ̀nà tí mo fẹ́ máa sáré?"

Báyìí ni wọ́n ń ṣe é lójoojúmọ́, wọn kì í sì í sú ara wọn.

Àwọn dókítà ojú ní Ìbàdàn yẹ bàbá wò. Wọ́n ní awọ náà ṣeé yọ lójú méjèèjì, pé yóò sì ríran bí i ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n pè kì í ṣe kékeré. Àpò kòkó mẹ́jọ ló wà nínú yàrá tọkọtaya náà. Wọ́n bẹ Luqman tó ń ra kòkó ní Akanran pé kí ó bá wọn ṣírò iye tí yóò jẹ́. Luqman tẹ fóònù rẹ̀ títí, ó ní, "Ìyá, bí iye tí wọ́n ń rà á lónìí bá dúró, in shaa Allaahu, àpò mẹ́jọ yín yìí, ojú méjèèjì ni. Kò lé, kò dín." Láti ọjọ́ náà lọ, bí Morónikẹ́ bá wọ yàrá láti gbálẹ̀, kì í rí kòkó nínú àwọn àpò náà mọ́. Ojú ọkọ rẹ̀ ni ó ń rí.

Ẹ ó ní kí ló dé tí wọn kò tà á lójú ẹsẹ̀. Ìparí oṣù kọkànlá ni ilé ìwòsàn dá fún wọn, Fẹ́mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná ló sì máa wá mú bàbá lọ. Láfikún, gbogbo abà ló ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má tíì tà, pé ó ṣì ń lọ sókè. Ìmọ̀ràn kì í sì í wọ́n ní Ìtẹ̀sí.

Òótọ́ ni pé ó ń lọ sókè. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí lójú ẹni tó dàgbà jù níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti ń gé igi kòkó wọn lulẹ̀ láti gbin ẹ̀gẹ́ dáwọ́ dúró, wọ́n ń wo kùkùté bí ẹni ń wo sàárè. Alàgbà Ọláwálé, tó jẹ́ olórí àwọn ọkùnrin nínú ìjọ, ra ọ̀kadà tuntun, ó sì ní kí wọ́n kó páànù aláwọ̀ pupa wá fún òrùlé rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ni ọpẹ́. Wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n ń jó, kò sì sí ẹni tó bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí oore náà ti ń bọ̀.

Luqman ló sọ ọ́, kò sì ní ibi kankan lọ́kàn. Ọláwálé gbé àpò méjì wá sórí òṣùwọ̀n rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé kan, ó ń yọ̀, Luqman sì ní, "Alàgbà, ẹ máa dúpẹ́ o. Gánà àti Àbíjàn ni wọ́n ní kòkó tó pọ̀ jù láyé, àrùn ti mú igi wọn, òjò wọn kò sì ṣe déédéé. Àwọn òyìnbó kò rí èyí tó tó rà, ni tiwa fi di ọmọ ọba. Ọjọ́ tí oko àwọn yẹn bá sàn, a ó padà sí àyè wa." Ọláwálé gba owó rẹ̀, ó gun ọ̀kadà, ó ń lọ. Kò rí nǹkan kan rò sí ọ̀rọ̀ náà títí ó fi délé.

Ọjọ́rú ló wá yé e. Morónikẹ́ dìde gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó pe Kútọnu, ó pe Tógò, ó dé Gánà. "Olúwa, mo gbọ́ pé àrùn ń pa igi kòkó wọn! Olúwa, wò ó sàn! Rọ òjò sí oko wọn ní àkókò! Àwọn tó ń fi góòlù wíwà ba ilẹ̀ wọn jẹ́, dá ọwọ́ wọn dúró! Jẹ́ kí kòkó wọn so títí ẹ̀ka á fi tẹ̀!" Gbogbo ìjọ sì ń fi gbogbo agbára kígbe Àmín. Ọláwálé ti ṣe Àmín mẹ́ta kí ó tó la ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo ìyá náà, ó wo àwọn àgbẹ̀ tó di ojú tí wọ́n ń làágùn bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu ara wọn da ọjà ara wọn rú. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Lọ́jọ́ kejì, Ọláwálé mú alàgbà méjì mìíràn lẹ́yìn, ó di ilé Ìyá Àdúrà. Ẹkúndayọ̀ kò sí nílé. Ó ti lọ lo ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ Olúfúnmi àbúrò rẹ̀ ní Adégbàyí.

"Ìyá Àdúrà, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa," ni Ọláwálé wí. "Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló gbé wa wá."

"Ọ̀rọ̀ kékeré kì í kó alàgbà mẹ́ta jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jókòó."

Wọ́n jókòó. Ọláwálé tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀ yín. Gánà àti Àbíjàn yẹn, ẹ bá wa fò wọ́n."

"Kí n fò wọ́n báwo?"

"Bí ẹ bá ti pe Tógò tán, kí ẹ bọ́ sí Làìbéríà. Kì í ṣe títí láé, Ìyá. Kí a ṣáà ta èyí tó wà lọ́wọ́ wa. Bó bá ti di oṣù kejì ọdún, ẹ máa gbàdúrà fún wọn tọ̀sán-tòru, a ó bá yín gbààwẹ̀ sí i."

Morónikẹ́ wò ó. "Ẹ fẹ́ kí ebi máa pa ọmọ ọlọ́mọ kí ẹ lè fi páànù pupa kan ilé?"

"A ò ní kí ebi pa ẹnikẹ́ni. A ní kí ẹ má dá sí i ni. Kí ẹ jẹ́ kí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ rò ó wò." Ó rí i pé èyí kò wọlé, ó wá mú ọ̀rọ̀ mìíràn jáde. "Ṣé kì í ṣe àwọn yìí náà ló lé yín bí ẹni ń lé ajá nígbà tí ẹ wà ní kékeré?"

Òótọ́ ni. Kùmásì ní Gánà ni wọ́n bí Morónikẹ́ sí. Bàbá rẹ̀ ń ta aṣọ níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ìjọba ibẹ̀ pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tí wọ́n fi ogún ọdún kó jọ, wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n gun mọ́tò akẹ́rù.

"Ìjọba ló lé wa," ni Morónikẹ́ wí. "Àwọn aládùúgbò wa kò lé wa. Máàmé Afua tí a jọ ń gbé sun iṣu láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó fi ewé dì í fún màmá mi. Ó tẹ̀lé mọ́tò náà, ó ń sunkún, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi gbé e mọ́. Iṣu yẹn la jẹ dé Kútọnu. Ọkọ rẹ̀, kòkó ló ń gbìn. Ṣé ọmọ rẹ̀ ni kí n máa gbàdúrà kí igi rẹ̀ kú?" Ó nàka sí Ọláwálé. "Nígbà tó sì kan àwa náà, ṣé a kò lé wọn ni? Tísà Kwame tó kọ́ ọ ní ìṣirò ní Akanran, ta ló ń yí mọ́lẹ̀ níwájú ilé-ìwé lọ́jọ́ tó ń lọ?"

Ọláwálé wo ilẹ̀. Òun ló yí mọ́lẹ̀, gbogbo wọn ló sì mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀, àfi pé alàgbà tó dàgbà jù nínú wọn, ẹni tí kò tíì lanu láti ìgbà tí wọ́n ti dé, wá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ìyá Àdúrà, ojú Ẹkúndayọ̀ ńkọ́?"

Morónikẹ́ yíjú sí yàrá tí àpò mẹ́jọ wà. Ó sin àwọn àlejò rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì lọ.

Lọ́jọ́rú tó tẹ̀ lé e, ó pe Kútọnu, ó pe Tógò, ó sì bọ́ sí Làìbéríà. Ohùn rẹ̀ kò dé ibi tó máa ń dé. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ọjọ́rú kejì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn Ọjọ́rú kejì, Ọláwálé gbé adìyẹ ńlá kan ránṣẹ́ sí i. Adìyẹ náà wà lórí ìso fún ọjọ́ mẹ́rin, Morónikẹ́ kò lè pa á. Ó wá tú u sílẹ̀, ó lé e padà sí ọ̀nà ilé olówó rẹ̀. Ojú ń ti obìnrin náà, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Bí ó bá kúnlẹ̀ láti gbàdúrà tirẹ̀ nílé, kì í mọ ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ.

Ọjọ́rú kẹta yẹn ni wọ́n ń rìn bọ̀ wálé, tí Ẹkúndayọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, tí bàbá ṣàdédé béèrè pé, "Gánà ńkọ́?"

"Gánà wo?"

"Ìyá Fẹ́mi, ojú ló ń dùn mí, etí kọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mi ò gbọ́ Gánà."

Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un lójú ọ̀nà níbẹ̀, láti orí ìbẹ̀wò àwọn alàgbà títí dé orí adìyẹ. Ó rò pé bàbá á bínú, tàbí kí ó dúpẹ́. Kò ṣe méjèèjì. Ó rìn lọ díẹ̀, ó ní, "Ojú tèmi ni. O kò sì bi mí." Morónikẹ́ kò mọ èyí tí ọkọ rẹ̀ fẹ́, bóyá kí òun pe Gánà ni tàbí kí òun má pè é.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e gan-an ni ọjà já. Owó kòkó tí kò sẹ́ni tó gbàdúrà lòdì sí i bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Luqman ní wọ́n ní oko Gánà ti ń gbádùn, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ṣokoléètì lókè òkun sì ti dín bí wọ́n ṣe ń rà á kù nítorí ọ̀wọ́n. Lọ́jọ́ Ajé, ó já. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún já. Àwọn tó ń sọ pé kí wọ́n má tíì tà wá ń sáré gbé àpò lọ sí Akanran, àwọn kan ń gbé e padà bọ̀ nítorí pé iye tí wọ́n bá níbẹ̀ bí wọn nínú. Páànù pupa Ọláwálé ti dé, kò sì tíì san tán.

Ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ gbóná ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà. Ọláwálé dìde, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní fífò nìkan kò tó mọ́. Ó ní kí wọ́n gbé àdúrà dìde lọ́la, pé kí Ọlọ́run mú òjò Gánà mọ níwọ̀n.

"Mọ níwọ̀n báwo?" ni Pásítọ̀ Olúwadọ̀tun béèrè. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni pásítọ̀ náà, kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n gbé e wá.

"Kí ó ṣáà má pọ̀," ni Ọláwálé wí.

Ó yẹ kí pásítọ̀ bá a wí. Ṣùgbọ́n òun náà ní àpò méjì nílé, tí ìjọ fi ta á lọ́rẹ nígbà ìkórè. Ó wo òkè àjà, ó ní, "Ìyá Àdúrà ló ni ìpín náà. Bí Ẹ̀mí bá ṣe darí wọn ni." Gbogbo ojú sì yí sí Morónikẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ṣọ́ọ̀ṣì kún débi pé àwọn kan dúró síta. Àwọn ọkùnrin wà lápá ọ̀tún, àwọn obìnrin lápá òsì, Ẹkúndayọ̀ sì jókòó sí ìjókòó kejì láàárín àwọn ọkùnrin, ó gbé ojú rẹ̀ tó ti funfun sókè. Wọ́n gbàdúrà fún àwọn àgàn. Wọ́n gbàdúrà fún àwọn arìnrìn-àjò. Ó kan Morónikẹ́. Ó bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Ó pe Kútọnu. Wọ́n ṣe Àmín. Ó pe Tógò. Wọ́n ṣe Àmín. Ó wá la ojú, ó wo ìjọ.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tan Ọlọ́run jẹ nínú ilé yìí," ni ó wí. "Mo fo ibi tí wọ́n bí mi sí nítorí mo fẹ́ kí ọkọ mi ríran. Mo ṣì fẹ́ kí ó ríran. Kò sí ohun tí mo fẹ́ tó o láyé yìí. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní kí igi ẹlòmíràn kú kí ó tó rí mi, kí ló máa rí?" Ó di ojú. "Olúwa, Gánà! Rọ òjò sí oko wọn! Mú àrùn kúrò lára igi wọn! Jẹ́ kí ó so!"

Kò sí ẹni tó dáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ìjọ Aládùúrà, ẹ mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ kì í wọbẹ̀. Ọmọ ọwọ́ gan-an kì í dákẹ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ náà, wọ́n ń gbọ́ ìró ewúrẹ́ tó ń jẹko lẹ́yìn ògiri. Àwọn àgbẹ̀ ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ọláwálé pa ètè pọ̀. Pásítọ̀ ń ṣí Bíbélì, kò sì ka nǹkan kan nínú rẹ̀. Morónikẹ́ dá wà lórí ìkúnlẹ̀, kò sì lè dìde, nítorí pé àdúrà tí kò ní Àmín kò tíì parí.

"Àmín!"

Láti apá àwọn ọkùnrin ni. Ẹkúndayọ̀ ló dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìjókòó iwájú mú kí ó má baà ṣubú. Ó tún un ṣe, ó pariwo ju ti àkọ́kọ́ lọ: "Àmín! Kí ó so! Àbíjàn náà, kí ó so!"

Gbogbo wọn ló mọ ohun tó wà nínú àpò mẹ́jọ yẹn. Àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ tẹ̀ lé e, Àmín wọn ń gbọ̀n nítorí ẹkún. Àwọn ọkùnrin bọ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti Ọláwálé pẹ́ kí ó tó jáde, ó sì dà bí eyín tí wọ́n fi ẹ̀mú fà, ṣùgbọ́n ó jáde. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Làìbéríà, adìyẹ Nimotallahi ti ń sáré kiri.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ta kòkó náà. Luqman gbé òṣùwọ̀n wá sílé fún wọn fúnra rẹ̀, kò sì gba owó ọkọ̀. Iye tó kù lọ́jà kò ju ìdajì lọ. Ó tẹ fóònù títí, ó ní, "Ìyá, ojú kan ni."

"Ojú kan náà, ojú ni," ni Ẹkúndayọ̀ dáhùn láti orí àga. "Ojú kan tó rí ọ̀nà ilé."

Fẹ́mi mú wọn dé Ìbàdàn ní ìparí oṣù náà. Dókítà obìnrin kan, ọmọdé, tó ń pè wọ́n ní Dádì àti Mọ́mì, tan iná kékeré sí ojú bàbá, ó ní ojú méjèèjì dọ́gba, pé kò sí èyí tó burú ju èkejì lọ. Ó ní nígbà tó jẹ́ pé ẹyọ kan ni wọ́n fẹ́ ṣe báyìí, kí bàbá mú èyí tó wù ú.

Morónikẹ́ ní kí wọ́n mú ti ọ̀tún, pé ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń jẹun. Ẹkúndayọ̀ ní rárá. Ó ní ti òsì ni òun fẹ́.

"Kí ló dé, Dádì?" ni dókítà béèrè. Ó ti mú bírò dání láti kọ ọ́.

"Apá ibẹ̀ ni ìyàwó mi máa ń wà," ni bàbá wí.

Morónikẹ́ ní kí wọ́n má jẹ́ kí òun sunkún níwájú ọmọdé, ó sì sunkún.